Àjẹkù Baba Ládàánì

Àwáwù ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n gbé mi níyàwó sí ní Ìpàpó, Ìyá Tọpinpin ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe oríkì. Ẹni tí kò lè rí ìkòkò lórí iná kó má ṣí i wò ni wọ́n ń fún nírú orúkọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jà sí i, nítorí òótọ́ ni. Bí adìyẹ bá dáwọ́ ẹyin yíyé dúró, àwọn ẹlòmíràn á ní ká pa á jẹ. Èmi á fẹ́ mọ ohun tó ṣe é. Ìwà yìí ti kó bá mi rí, ó sì tún máa kó bá mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ìwà yìí náà ló jẹ́ kí n mọ ibi tí agbára ẹsẹ̀ baba ọkọ mi ń gbà lọ.

Àmúdà ni orúkọ baba ọkọ mi. Baba Ládàánì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ló ń gùn kó tó dé orí pèpéle tó ti ń pe ìrun. A kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà, ohùn Baba kò sì wá ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan. Àwọn tó sùn sóko etílé ń gbọ́ ọ láàárọ̀, wọ́n á sì dìde. Òun nìkan ni kò pè mí ní Ìyá Tọpinpin rí. Ìyá Àríyọ̀ ló ń pè mí, orúkọ àkọ́bí mi obìnrin.

Ní Jímọ̀ kan lẹ́yìn ààwẹ̀, Baba forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn. Gbogbo wọn dìde, òun kò lè dìde. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n, ó tún padà sílẹ̀. Orí ìjókòó ló ti parí ìrun náà, lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi Ràsáàkì àti ẹnìkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé e dìde. Ràsáàkì fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi nídìí ààrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lèmọ́mù àti àgbà méjì wá kí Baba. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni wọ́n bá a sọ. Wọ́n ní òjò ń mú kí àtẹ̀gùn náà máa yọ̀, àwọn kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé àgbà àwọn nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kó ṣì máa ṣe é lọ títí Iléyá, kí Oyèlékè, aránṣọ iwájú mọ́ṣáláṣí, máa ràn án lọ́wọ́ níbi tí kò bá ti lè gùn ún. Bó bá di Jímọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì gbé e dókè, kí Oyèlékè kúkú gba iṣẹ́ náà. Baba dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ṣàdúà fún wọn kí wọ́n tó lọ. Ìgbà tí mo lọ kó ife tí wọ́n fi mu omi ni mo bá a níbi tó jókòó sí, tó ń fọwọ́ pa itan rẹ̀.

Ó ní, "Ohùn mi kò tíì kú, Ìyá Àríyọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbé e lọ sin."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Ìgbà tí mo dé ilé yìí ní ìyàwó tuntun tí mo jó ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ kan, òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán tó sì ní ó dùn.

Gbogbo ará ilé gbà pé àgbà ló dé. Wọ́n ní kí ni a ó ṣe sí ọjọ́ ogbó? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n wá fi bò ó mọ́lẹ̀. Ràsáàkì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ dé oko mọ́. Àwọn ọmọ ń gbé omi àlùwàlá wá bá a lórí ẹní. Bó bá ti mira pé òun fẹ́ dìde, ọwọ́ mẹ́rin ti dé abíyá rẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tó ni itan rẹ̀ ń fọn sí i, tí ṣòkòtò rẹ̀ wá ń já bọ́ ní ìdí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni Ògúndèjì. Ọ̀rẹ́ Baba ni, abà rẹ̀ wà lọ́nà Ọ̀kákà, ó sì ti ń sáré kiri kí wọ́n tó bí Baba. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ebè iṣu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ló ń mú ẹsẹ̀ èèyàn lọ, kí ló dé tó fo ẹnu ọ̀nà Ògúndèjì dá, tó wá wọ ilé tiwa? Mo bi Ràsáàkì. Ó ní orí yàtọ̀ sí orí. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé àbíkẹ́yìn mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìsẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ń gún wọn ń jẹ́ Àrínọlá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nígbà tó gún ọmọ mi tán, mo sọ ọ̀rọ̀ Baba fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò pọ̀ lẹ́yìn mi tí wọ́n ń pòṣé. Ó fetí sílẹ̀. Ó ní ara àgbà dà bí ògiri amọ̀. Òjò ń họ ọ́ lójoojúmọ́, bí a kò bá sì ń rẹ́ ẹ, yóò wó. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà ló pè ní amọ̀ tí a fi ń rẹ́ ẹ. Ó ní ọkà àti ẹ̀kọ lè yó èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n lè rẹ́ lára ògiri, àgbà sì nílò amọ̀ yìí ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rò lọ. Ó tún ní kí a yé gbé e dìde, nítorí ẹran ara tí a kò bá lò, ó ń lọ nìyẹn.

Inú bí mi díẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò mi, ti Baba ni, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń bù ú.

Ó wò mí láti orí jígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o máa ń rí i nígbà tó bá ń jẹ ẹ́?"

Ta ni ìyàwó ilé tí yóò jókòó máa wo ẹnu baba ọkọ rẹ̀? A ó kúnlẹ̀, a ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó sì kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹun tán, àwọn ọmọ ni yóò kó abọ́ wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún Baba, n kò rí i kó fi ẹran sẹ́nu rí, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí.

Kí n tó wo ilé, mo kọ́kọ́ fẹ́ wo Ògúndèjì. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ẹ̀wà rírà ṣe àwáwí, mo gba abà rẹ̀ lọ. Oko ni mo bá a, ó ń tún ẹsẹ̀ ebè ṣe, aṣọ rẹ̀ wà lórí igi. Òun fúnra rẹ̀ ló ru iṣu mẹ́ta wálé, mo ní kí n gbà á, ó ní ṣé èmi ni mo gbìn ín ni. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì jókòó jẹ tirẹ̀ lójú mi, nítorí kò sẹ́ni tó ń ka ìwà ìyàwó ilé sí ní abà. Ẹ̀wà ni, pẹ̀lú eku yíyan, àti ègé wàrà mẹ́ta tí obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wá fi pààrọ̀ iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó fọ́ orí eku náà, ó fa inú rẹ̀ mu. Mo ń wò ó títí ó fi fi ìka nu abọ́.

Mo ní, "Baba, ẹ ò ṣẹ́ nǹkan kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni n ó ṣẹ́ ẹ kù fún? Alángbá?"

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, kò sí ọmọdé kankan lábà náà. Ó rò pé àpárá lòun dá. Àmọ́ èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ja mí bí ìjàlọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo se ọkà èlùbọ́, mo bu ẹran mẹ́ta sínú ọbẹ̀ Baba, mo gbé e fún un, mo kúnlẹ̀, mo sì jáde. Ṣùgbọ́n n kò lọ jìnnà. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo dúró sí. Mo mọ̀ pé kò dára, ẹ má bá mi wí. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń tọ́ ọkà bọ inú ọbẹ̀, ó ń gbé e mì, ó ń ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́. Nígbà tó jẹ ọkà tán, ó pe àwọn ọmọ. Márùn-ún ni wọ́n, àwọn mẹ́ta tèmi àti méjì ti àbúrò ọkọ mi. Wọ́n ti tò sílẹ̀ kó tó pè wọ́n tán. Ó fa ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, ó pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù ló gba èyí tó tóbi jù. Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ẹnu wọn. Ayọ̀ tó wà lójú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó wù mí kí n gbàgbé ohun tí mo rí.

Mo mú Àríyọ̀ sẹ́yìn ilé, mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí Ìyá àgbà ti kú. Mo rántí nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ló máa ń jókòó ti Baba tó bá ń jẹun. Òun ló ń gé ẹran náà sí méjì, tí yóò fi dandan mú un jẹ ìdajì kó tó jẹ́ kó ṣẹ́ ìyókù fún àwọn ọmọ. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú Baba. Odidi ọdún méjì ni àwọn ọmọ mi ti ń jẹ ẹsẹ̀ baba ńlá wọn, tí èmi ìyá wọn ń bù ú fún wọn.

Mo sọ fún Ràsáàkì. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun lọ kọ́ bàbá òun ní àjẹìwẹ̀yìn? Àgbà tí kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù fọ́mọ, irú àgbà wo nìyẹn? Ó ní ọ̀rọ̀ tán. Mo gbìyànjú kí n fi ẹran kún ẹran. Baba pín gbogbo rẹ̀. Mo wá rò ó pé ohun tó ṣeé fọwọ́ mú nìkan ni èèyàn lè ṣẹ́ kù. Bí n kò bá lè dí ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí n wá ohun tí ọwọ́ kò lè yọ nínú abọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹja gbígbẹ kúnná sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Mo ń se gbẹ̀gìrì tó ki dáadáa. Mo ń fọ́ wàrà wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀gúsí, mo ń lu ẹyin awó sí ọbẹ̀ ata títí yóò fi pòórá. N kò fi ẹyọ ẹran kan sí abọ́ Baba mọ́. Ó ń jẹ ẹ́, abọ́ rẹ̀ sì ń wálé ní ṣíṣófo. Inú mi dùn bí ẹni tó jí nǹkan tí a kò rí i mú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àṣírí fi tú. Àwọn ọmọ sunkún pé abọ́ Baba kò lẹ́ran mọ́, ẹkún wọn sì fo ògiri. Ní ìdí kànga, mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ pé ìyàwó Ràsáàkì ti ń febi pa baba ọkọ rẹ̀, pé nítorí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò fi ní láárí lójú mi mọ́. Ràsáàkì gbọ́ ọ. Ó wọlé, ojú rẹ̀ le koko, ó ní Baba ń pè mí.

Mo bá Baba lórí ẹní. Ìtìjú ni mo rí lójú rẹ̀, kì í ṣe ìbínú, ìyẹn ló sì ṣe mí léṣe jù.

Ó ní, "Ìyá Àríyọ̀, kí ni mo ṣẹ̀ ọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo sọ ti nọ́ọ̀sì, mo sọ ti Ògúndèjì àti alángbá rẹ̀, mo sọ pé mo yọjú wò ó lójú fèrèsé. Mo sọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ràsáàkì ń mí sókè sódò lẹ́yìn mi.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ni Baba wí. "Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. N kò lè fi ọjọ́ ogbó kọ̀ ọ́."

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Òótọ́ ni, Baba. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé igbá náà fún yín lónìí, ṣé ẹ lè rù ú dé ìdí ààrò?"

Ràsáàkì pariwo orúkọ mi. Baba gbé ọwọ́ sókè, ó pa á lẹ́nu mọ́. Ó wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo ìdí ààrò lódìkejì àgbàlá, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀. Èmi àti ọkọ mi sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí a fi òun sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, kò lè dìde. Ìgbà kejì bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di òpó mú, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ gbé abọ́ rẹ̀, ó sì ń lọ. Ó dúró sinmi nídìí odó láàárín ọ̀nà. Nígbà tó dé ìdí ààrò, òógùn bò ó, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Ó ní, "Láti òní, èmi ni n ó máa ru igbá mi."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo ń bu ẹran àwọn ọmọ fún wọn láti inú ìkòkò, níwọ̀n tí apá wa ká, mo sì ní kí wọ́n lọ máa jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè rí ohun tó ń wá. Òun náà ń jẹ tirẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó ń wò yíká kó tó fi sẹ́nu, bí ẹni ń jalè. Ògúndèjì gbọ́, ó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì mú un lọ sóko ẹ̀yìnkùlé láti lọ roko ìdí iṣu. Ebè mẹ́ta ló ro lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sùn títí di Alásàrí. Tó bá wà nílé, ó ń jókòó sórí ẹní, ó ń dìde, ó tún ń jókòó, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka iye ìgbà tó dìde. Mo gbọ́ tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé òun fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúà ka orúnkún. Nígbà tí Iléyá fi kan ilẹ̀kùn, ó ti ń ka ogún.

Jímọ̀ náà dé. A ti pa àgbò Iléyá, a ti jẹun, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ náà síta, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń rò ó. Mo dúró pẹ̀lú àwọn obìnrin níbi tí mo ti lè rí àtẹ̀gùn. Oyèlékè ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣe àlùwàlá, ó wọ aṣọ funfun. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, n kò lè bú u, ṣùgbọ́n mo bú u nínú mi díẹ̀.

Baba dé, ó kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo ń kà á. Ó gun mẹ́fà láìdúró. Lórí ìkeje, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n, ó fọwọ́ lé ògiri. Oyèlékè gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Baba kò wẹ̀yìn. Ó dúró níbẹ̀ títí tí mo fi gbàgbé àtimí, lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀ sórí ìkẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Nígbà tó dé òkè, ó fọwọ́ di etí, ohùn rẹ̀ sì jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Oyèlékè rọra sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì wọlé lọ tò sílà.

Nígbà tó dé láti mọ́ṣáláṣí, mo gbé oúnjẹ fún un, mo kúnlẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Ẹran àgbò ńlá kan wà nínú rẹ̀, odidi, n kò gún un, n kò fọ́ ọ. Mo jókòó sídìí ààrò, mo ń ṣe bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àgbàlá, kò dúró nídìí odó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ náà síwájú mi.

Ó ní, "Ìyá Tọpinpin, ó yá, yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ṣí i. Kò ku nǹkan kan níbẹ̀, àfi egungun kan tó ti họ mọ́ fóó. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló kọ́kọ́ jáde. Baba ti yí padà, ó ń rìn lọ síbi ẹní rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó di apá rẹ̀ mú.